Ohun Tí Ọlọ́wọ̀ Kọ̀ Láti Sọ

Ìtàn kan wà nínú Odù Ifá tí à ń pè ní Ìwòrì Méjì tó kan ìlú Ọ̀wọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ifá ní Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló sì jọba níbi tí kálukú tẹ̀dó sí. Alárá wà lára wọn, Ajerò wà lára wọn, Ọwáràngún náà kò gbẹ́yìn. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí bàbá ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ti dé, á wólẹ̀, á kí bàbá ní àbọrúbọyè, á sì lọ jókòó. Ó wá kan Ọlọ́wọ̀, Ọlọ́wọ̀ dúró gbọin.

Bàbá bi í pé kí ló dé tí òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ ní òun kò ní kí i. Ìdí tó sọ ni kí á fara balẹ̀ wò. Kò sọ pé bàbá ṣẹ òun, kò sì sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ohun tó sọ kò ju pé gbogbo ohun tó wà lára bàbá, láti orí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, irú rẹ̀ náà ló wà lára òun. Kí ló wá kù tí òun fi máa wólẹ̀?

Bàbá kò bá a jà. Ó gba ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó gba ọ̀run lọ. Kò pẹ́ tí ayé fi dàrú. Òjò kọ̀, odò gbẹ, oko kò so, obìnrin tó lóyún kò bí, èyí tó ń wá ọmọ kò rí. Àwọn ọmọ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bẹ bàbá pé kó padà wá sílé. Bàbá kọ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, ọwọ́ ikin ni kí wọ́n ti máa bèèrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ ìbọ̀wọ̀ fún òbí ni wọ́n ń fà yọ níbẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Ibòmíràn ni ojú tèmi lọ. Ọlọ́wọ̀ kò jí nǹkan kan. Aṣọ bàbá ṣì wà lára bàbá, adé kò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ni ọmọ ní lọ́wọ́. Nítorí pé ẹ̀dà náà pé, tí ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti bàbá, ó kà á sí pé òun kò jẹ bàbá ní gbèsè kankan mọ́, títí kan ìkíni lásán tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ẹjọ́ tí àwọn onífíìmù, àwọn olórin àti àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà ń bá wa rò lónìí nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní a ní ohun tí wọ́n ní, a kò sì kí wọn.

Kábíyèsí tó wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀wọ̀ lónìí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ ní Ọjúgbèlú, ọmọ Odùduwà, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti Ifẹ̀. Ifá ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa méjèèjì pọ̀, kó lọ bá àwọn àgbà.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ṣọ́ọ̀bù kan. Irú rẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, ẹ ó sì rí i lẹ́bàá títì ní Ìfọ́n, olú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, àti ní Ìdó-Àní. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ mélòó kan ti yọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Lára pátákó iwájú, wọ́n kọ fọ́tòkọ́pì, JAMB, dáńlóòdù àti Windows. Ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà na mẹ́mọrì káàdì sí ọmọkùnrin tó jókòó.

"Àbúrò, bá mi kó fíìmù Yorùbá tuntun sí i. Má kó ti Toyin tí o kó lọ́jọ́sí o, mo ti wò ó."

"Mọ́mì, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Sinimá ni wọ́n ṣì ti ń wò ó."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ń ta ẹja tí odò ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó fi káàdì sínú rídà, ó ṣí fódà, fódà mìíràn wà nínú rẹ̀, ó ń yan, ó ń fà wọ́n bọ́ sí inú káàdì. Ìyá náà ní kó má gbàgbé Orlando fún bàbá tó wà nílé. Orlando náà wọlé. Ó sanwó, ó lọ.

Kò sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ka ara rẹ̀ sí olè, bí ẹ bá sì pe ọmọkùnrin náà ní olè, á bá yín jà tọkàntọkàn. Ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ra dátà, ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ìyá náà sanwó, kò jalè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni pé àwa ènìyàn wa kì í sanwó fíìmù. A ń san án. A sanwó fún ẹni tó ta káàdì, fún ẹni tó ta dátà, fún ẹni tó ta epo, fún ẹni tó fi ọwọ́ fà á láti fódà kan sí òmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kọ́bọ̀ kò kàn nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹni tó ṣe fíìmù.

Orlando Owoh, olórin tí ìyá yẹn dárúkọ, ọmọ ilé ni. Stephen Ọládipúpọ̀ Ọláòrẹ Owómóyèlà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1932, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀, a jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀ pàdé lára ẹnì kan. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kó tó di pé ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á ní 1958 láti máa lùlù, kó sì máa kọrin. Ní 1960 ó dá Omimah Band tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Young Kenneries, lẹ́yìn náà ni African Kenneries. Àwo orin rẹ̀ lé ní 40. Ohùn rẹ̀ tó há díẹ̀, tó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mú fún ti ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ wo ohun tí ojú iṣẹ́ rẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwo ńlá la fi ń gbọ́ orin, kò sì sí ẹni tó lè ṣe àwo nínú yàrá rẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ẹni tó bá ní rédíò alákásẹ́ẹ̀tì méjì lè ṣe ẹ̀dà láàárín ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jinná. Ibẹ̀ ni àwọn olórin ti figbe ta ní àwọn ọdún 1980, tí ìjọba ológun fi ṣe Òfin Kẹtàdínláàádọ́ta ti 1988, tí wọ́n sì dá àjọ tí à ń pè ní Nigerian Copyright Commission sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1989. Sídíì dé, ẹ̀dà rẹ̀ tún yá ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Fóònù wá dé, ó sì ku ìka kan ṣoṣo. Lónìí, ẹ ó rí orin Orlando Owoh lórí YouTube káàkiri, tí ẹni tí kò bá a tan, tí kò bá a lùlù rí, fi orúkọ ìkànnì ara rẹ̀ sí ara àwòrán rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa ìgbà tí onífíìmù fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọjà rẹ̀ mú. Nígbà ayé Hubert Ogunde àti Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Lóòfù, ẹni tó ṣe fíìmù ló ń gbé róòlù rẹ̀ káàkiri. Láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé ti òmíràn, òun tàbí ẹbí rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwọlé. Bí fíìmù bá tán, róòlù á padà sínú ọkọ̀. Ìyà ńlá ni, ọkọ̀ á bàjẹ́, iná á lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kò kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Kúnlé, ọmọ Adé Lóòfù, wá jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní ayé tí kò sí róòlù mọ́. Ó kó àwọn òṣèré wá sí ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, ó ya fíìmù October 1 ní Ìlárá-Mọ̀kín àti Àkúrẹ́, ìtàn ọlọ́pàá kan tó ń wá apànìyàn kiri lọ́jọ́ tí òmìnira 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n ní ó ná an. Ó wọ sinimá ní 2014. Nígbà tó fi máa di 2015, ayédèrú rẹ̀ ti gba ìgboro, Kúnlé sì ké gbàjarè síta.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn. Toyin Abraham, tí wọ́n bí ní Auchi, ìlú tí kò jìnnà sí ààlà Ọ̀sẹ̀, gbé Malaika jáde ní oṣù Kejìlá 2023. Ọdún 2024 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó fi bọ́ sórí Instagram tó ń sunkún, torí pé àwọn ènìyàn ti ń pín fíìmù náà fún ara wọn lórí fóònù nígbà tó ṣì wà ní sinimá. Ẹnì kan á ní, ṣé ní àsìkò kan náà kọ́ ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé kọjá bílíọ̀nù kan náírà, fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní sinimá Nàìjíríà? Ó rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á fi kún un pé olówó ni gbogbo wọn, kí ni ẹ̀dà kan fẹ́ gbà lára wọn. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù tí à ń gbọ́ yẹn, ìjọba á mú owó orí rẹ̀, ilé sinimá á mú tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó pín fíìmù á mú tirẹ̀, kó tó kan ẹni tó yá owó ṣe é. Fíìmù kan ló sì dé ibẹ̀. Èyí tí kò dé ibẹ̀, tí owó rẹ̀ kò pé, a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó rán aṣọ fún wọn, ẹni tó kan ilé onípákó tí wọ́n fi ṣe ààfin, onílù, awakọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà nígbà tí onífíìmù bá sọ pé òun kò ṣe òmíràn lọ́dún yìí.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó tètè mọ bí ẹni tó mú ọrọ̀ wá ṣe ń lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Ìgógó, tí Ọlọ́wọ̀ á di irun orí rẹ̀, tí á wọ iyùn bí obìnrin, ní ìrántí Ọ̀rọnsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́ńrẹ́ńgẹ́njẹ́n. Obìnrin tó sọ ọkọ rẹ̀ di olówó ni. Èèwọ̀ mẹ́ta péré ló ní. Wọn kì í lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá níbi tó wà, wọn kì í sì í ju igi ìdáná sílẹ̀ gbì nítòsí rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá a títí, kò padà. Kò sí ẹni tó na Ọ̀rọnsẹn, kò sí ẹni tó lé e. Ilá lílọ, omi dídà, igi jíjù, kí ló wà níbẹ̀? Bí ìyá tó ra fíìmù yẹn náà ṣe máa bi yín nìyẹn: ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ló wà níbẹ̀?

Mo padà sọ́dọ̀ Ifá, nítorí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò tíì lò dáadáa. Ifá fúnra rẹ̀, àdàkọ ni. Ọmọ awo á jókòó ti ọ̀gá, ohun tí ọ̀gá bá sọ ni á máa tún sọ, ọdún á máa gorí ọdún. Ẹsẹ Ifá kò tán lẹ́nu ọ̀gá nítorí pé ó ti dé ẹnu ọmọ. Bí ohun kan bá wà láyé tí ènìyàn lè sọ pé kò sí ohun tó dín lára olówó rẹ̀ bí a bá mú un, ẹsẹ Ifá ni. Ó yẹ kó jẹ́ pé àwọn babaláwo ló máa kọ́kọ́ sọ pé kálukú kó máa mú un lọ.

Ìdàkejì ni wọ́n ṣe. Ẹ tẹ́tí sí bí ẹsẹ Ifá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó tú ẹsẹ Ifá palẹ̀ síwẹ́wẹ́ fún wa, fi hàn pé orúkọ awo tó dífá ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ẹni tí wọ́n dá a fún, lẹ́yìn náà ni ohun tó gbé e wá. Awo yẹn ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n babaláwo tó wà ní Ìpélé nítòsí Ọ̀wọ̀ lónìí kò ní fo orúkọ rẹ̀ kọjá kó tó bọ́ sínú ìtàn. Lẹ́yìn orúkọ, owó. Ẹni tó wá dáfá á fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ sí owó, á gbé e kalẹ̀ kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ọmọ awo tí kò lówó lọ́wọ́, oko ọ̀gá ló ń lọ, ilé ọ̀gá ló ń gbá. Bí ìtàn bá sì ń lọ sópin, Ifá á bèèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ẹni yẹn rú ẹbọ tí wọ́n yàn fún un, àbí kò rú u? Dárúkọ, gbé èrù, ìyẹn ohun tí Ifá bèèrè, kalẹ̀. Ọ̀nà méjì yìí ni wọ́n fi dáàbò bo ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Àbújá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́.

Àwọn tó ń pín fíìmù lórí Telegram ń ṣe òdìkejì rẹ̀ lọ́nà tó pé. Nígbà mìíràn wọ́n á gé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù níbi tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ wà, wọ́n á wá lẹ orúkọ ìkànnì tiwọn mọ́ igun òkè. Ìwé Ifá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Abímbọ́lá fi ọdún gbọọrọ kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà awo, mo ti rí i ní PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ẹgbẹ́ WhatsApp kan sí òmíràn, ojú ìwé mélòó kan wọ́, àtàǹpàkò ẹni tó yà á hàn nínú ọ̀kan. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan kọ àbọrúbọyè sí. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì dùn mọ́ mi.

Ọ̀wọ̀ tún mọ ìrora iṣẹ́ tí orúkọ ti bọ́ lára rẹ̀. Àwọn agbẹ́yín-erin ìlú yìí ló gbẹ́ lára àwọn ìróké Ifá tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun kó wọn sínú gíláàsì. Ẹ ka ìwé pélébé tó wà lábẹ́ wọn: Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ agbẹ́yín-erin kò sí.

Ọ̀rọ̀ sọ́fúwíà wá le ju ti fíìmù lọ, nítorí pé fíìmù ayédèrú kì í bu ẹni tó ń wò ó jẹ. Ọmọ poly kan gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi fi Windows sí i, ẹ fi Corel náà sí i, iṣẹ́ bánà kan ló wà lọ́wọ́ mi." Kíráàkì ni wọ́n máa fi sí i, àwọn méjèèjì mọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé ìtọ́sọ́nà kíráàkì ń sọ ni pé kí o pa antivirus. Ẹ rò ó wò: àlejò ní kí o kọ́kọ́ dá ọdẹ ilé dúró kí òun tó wọlé, o sì gbà. Láti ọdún 2018 ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní STOP tàbí Djvu ti ń gba inú irú kíráàkì bẹ́ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Bó bá wọlé, á ti gbogbo fáìlì pa: prójẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ìgbéyàwó, iṣẹ́ oníbàárà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí lẹ́tà tó ń fi sílẹ̀ máa ń sọ ni pé 980 dọ́là ni owó kọ́kọ́rọ́, 490 dọ́là bí o bá tètè wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó sá fún owó sọ́fúwíà ni wọ́n ń bèèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ sọ́fúwíà tí wọ́n ń pè ní BSA wọn ọ̀rọ̀ yìí ní 2017. Wọ́n ní ìdá 80 nínú 100 sọ́fúwíà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ni kò ní ìwé àṣẹ, nígbà tí ti gbogbo ayé lápapọ̀ jẹ́ 37. Èmi kò ní sunkún fún Microsoft. Wọ́n lówó, wọn yóò sì máa lówó. Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí ni ọmọ Nàìjíríà tó jókòó sí yàrá kan ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, tó kọ sọ́fúwíà tí àwọn ọmọ fi ń gbára dì fún JAMB láti ìgbà tí ìdánwò náà ti di orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ènìyàn ní 2015. Ó fi nọ́ńbà ìṣíde sí i, kọ̀ǹpútà kan, nọ́ńbà kan. Ilé ẹ̀kọ́ àdáni kan ra ẹyọ kan, ẹnì kan já nọ́ńbà náà, ó di ogún kọ̀ǹpútà. JAMB á yí ìwé kíkà padà lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ìbéèrè gbọ́dọ̀ yí, ẹni tó máa yí wọn ti ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ á sì máa ka ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ó tó àkókò kí n gbọ́ tẹnu ìyá ọlọ́jà yẹn, nítorí pé ó ní ẹjọ́ gidi. Sinimá tó wà fún ẹni tó ń gbé Ìfọ́n, Àkúrẹ́ ni. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè ju owó ìwọlé lọ. Netflix ń bèèrè káàdì báńkì, dátà sì wọ́n, ó tún wọ́n sí i láti oṣù Kìíní 2025 tí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọlọ́jà tí kò gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ mi, tó wá ń bú mi pé mo rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní ẹ̀bi tirẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn òpin ìtàn Ìwòrì Méjì. Bàbá bínú lóòótọ́, kò sì padà, ṣùgbọ́n kò ní kí àwọn ọmọ máa gun ọ̀run wá bá òun. Ó fún wọn ní ohun kékeré tí wọ́n lè gbé sílé, tó ń gba èrù tí ọwọ́ wọn ká.

Ọ̀pọ̀ onífíìmù Yorùbá ti mọ èyí. Wọ́n ń gbé fíìmù wọn sí orí YouTube fúnra wọn, ìpolówó ọjà tó ń já lu fíìmù náà ló ń san owó wọn. Òǹwòran kò san ju dátà lọ, dátà kan náà tí ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ń rà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ wa níbẹ̀ kò ju pé kí á wò ó lórí ìkànnì tiwọn, kí ó má ṣe jẹ́ ti ẹni tó gbé e lọ́wọ́ wọn. Ìkíni ni. Ti sọ́fúwíà náà rọrùn ju bí a ṣe rò lọ: LibreOffice wà fún lẹ́tà àti ìṣirò, Inkscape àti GIMP wà fún iṣẹ́ bánà àti fọ́tò, àwọn tó kọ wọ́n ló fi wọ́n tọrẹ fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò sì ní pa antivirus nítorí wọn. Ọmọ tó bá ní òun kò lè lò wọ́n, ọ̀lẹ ló ń ṣe é, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀kan bẹ́ẹ̀.

Òfin wà. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2023, mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà láyé, ohun tí òfin àtijọ́ kò mọ̀. Oníṣẹ́ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó gbé ẹ̀dà sórí afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n lè ti ìkànnì ẹni tó bá ń ṣe é léraléra, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn sì wà níbẹ̀. Àbújá ni Nigerian Copyright Commission fìdí kalẹ̀ sí. Òkèlúsè ní Ọ̀sẹ̀ níbí jìnnà sí Àbújá. Mo rò pé kò sí ọlọ́pàá tó máa wá ká ìyá ọlọ́jà mọ́ ibi mẹ́mọrì káàdì rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó wá.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, nítorí pé kò sí ayẹyẹ tí wọn kì í ti lu Orlando Owoh ní ilẹ̀ yìí. Ẹ wá ìkànnì tí ẹbí rẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ tó ni àwo rẹ̀ fọwọ́ sí, ibẹ̀ ni kí DJ ti máa mú un. Orlando kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2008. Ẹ̀tọ́ orí orin tí ènìyàn kọ, 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òfin fi ń dúró. Títí di òpin 2078, ajogún rẹ̀ tàbí ẹni tó bá tà á fún ló ni àwọn orin yẹn, àwọn la sì jẹ ní gbèsè.